Pùrọ̀pẹ́là 45 tó ń pa bátìrì: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rìmóòtù kan

Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 86. Abẹ́ rẹ̀ rí bíi V, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí adágún, kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ orí tábìlì. Ẹ́ńjìnnì iná ló wà nínú rẹ̀, 1800KV, ìyẹn ni pé volt kan á yí i ní ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan tí kò bá ru ẹrù kankan. Bátìrì LiPo 4S (ti lithium, ilé mẹ́rin tí a so pọ̀) ló ń fún un níná: volt 14.8 lórí ìwé, 16.8 tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Kọ́ńtúrólà tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì lè gbé amp 120. Àbúrò wa kan tó ń gbé ní àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rí.

Pùrọ̀pẹ́là (abẹ́bẹ̀ ìdí ọkọ̀ tó ń tì í síwájú) oníke ló bá ọkọ̀ náà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àbúrò wa fi yọ ọ́ kúrò, ó ra onírin alápá méjì tó fẹ̀ tó mìlímítà 45. Látìgbà náà ni ìyọnu ti dé. Ọkọ̀ á ta jáde dáadáa, GPS á ka bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ kó tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, á sì dákẹ́ sáàárín omi. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún gbéra. Bó bá ti ń sáré, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ̀ wọnú omi. Ó sì ń gbọ̀n débi pé ẹni tó dúró létí adágún ń gbọ́ ọ. Bátìrì kan ti wú.

Kọ́ńtúrólà ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó ra òmíràn tó lè gbé amp 180. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ló pè mí.

Lórí ọkọ̀ ìsáré báyìí, pùrọ̀pẹ́là kì í rì tán. Bí ọkọ̀ bá ti gun orí omi, ìdajì rẹ̀ ló ń wọ omi, ìdajì yòókù wà nínú afẹ́fẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan ń já wọlé, ó ń jáde, ó tún ń já wọlé, ó lè ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí etí iwájú, èyí tó kọ́kọ́ ń kan omi, fi gbọ́dọ̀ mú bí abẹ ìfárí. Etí ẹ̀yìn, níbi tí omi ti ń fi apá sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mú. Ó yẹ kó nípọn, kí igun rẹ̀ sì gún, kí omi lè já kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú X ti Octura, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni ti àbúrò yìí, X445. Nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. 4 àkọ́kọ́ ń sọ pé ìrìn rẹ̀ jẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ lọ́nà 1.4, 45 sì ni fífẹ̀ náà ní mìlímítà. Ìrìn ni mo ń pe ibi tí ìyípo kan ì bá gbé e dé ká ní omi kì í yọ̀: mìlímítà 63 fún èyí. Irú wọn kì í wá pẹ̀lú etí tó mú. Bí wọ́n ṣe dà á nínú iná ni wọ́n máa ń tà á, ẹni tó rà á ló máa pọ́n ọn, òun náà ni yóò mú kí apá méjèèjì wúwo bákan náà. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí eré yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò wa kò mọ̀. Láti inú páálí ló ti gbé e sórí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí pùrọ̀pẹ́là.

A dá ọkọ̀ padà sórí omi láì yí ohunkóhun padà. Ohun tí a kàn fi kún un ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọ amp, volt àti iye ìyípo sílẹ̀, a fi í sáàárín bátìrì àti kọ́ńtúrólà. Nígbà tí a wo ohun tó kọ, amp ti ju 160 lọ níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Volt ló wá yà mí lẹ́nu: ó ti jábọ́ láti 16 sí nǹkan bíi 12 àbọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà. Wọ́n ti ṣètò kọ́ńtúrólà pé bí iná bá lọ sílẹ̀ ju volt 3.2 lọ nínú ilé bátìrì kan, kó sé e. Ilé mẹ́rin ni 4S, 12.8 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe kọ́ńtúrólà, ti àkọ́kọ́ tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ṣe ni àwọn méjèèjì ń gba bátìrì là lọ́wọ́ pùrọ̀pẹ́là.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé kí n ra bátìrì tó tóbi nìyẹn."

Mo ní kó ní sùúrù. Bátìrì ńlá á fi ìwúwo kún ọkọ̀, á sì tún gbé owó lọ, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó ń pa á kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo gbé kálíkólétọ̀ fún un. Bí fífẹ̀ àti ìrìn bá ń pọ̀ sí i pa pọ̀, tí iye ìyípo kò yí padà, agbára tí pùrọ̀pẹ́là ń bèèrè kì í pọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Fi 42 pín 45, kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí o sọ márààrún di púpọ̀ fún ara wọn. Bíi 1.41 lo máa rí. Mìlímítà 3 péré tó wà láàárín 42 àti 45, ẹrù tó fi lé e ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ.

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Owó ti wọlé sórí 45, eré ló sì ń wá, kò wá ìdínkù. A fẹnu kò pé a ó kọ́kọ́ tọ́jú 45 náà dáadáa, kí a lè mọ ohun tó jẹ́ ẹ̀bi fífẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ẹ̀bi àìpọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mi ò ní fò. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbé fáìlì irin sórí tábìlì ìdáná, ó ti ń rin ín ní gbígbẹ. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ beryllium ni irin yìí. Bó bá wà lódindi, kò léwu láti dì mú. Ekuru rẹ̀ ni ewu: bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dá àìsàn tí kì í lọ mọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, àìsàn náà sì lè pẹ́ kó tó fara hàn. Ní ọdún 2017 ni OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ lè máa fà símú kalẹ̀ láti máíkírógíráàmù 2 sí 0.2 nínú afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ìdá mẹ́wàá ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá ń pọ́n ọn nílé ìdáná ní gbígbẹ ń bu ekuru náà sórí oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

A kó gbogbo rẹ̀ jáde sẹ́yìn ilé. Ìbòmú FFP3, ìbọ̀wọ́, abọ́ omi kan tí pùrọ̀pẹ́là wà nínú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí a fi ń rin ín. Sánpépà tí omi kì í bàjẹ́ ni a lò, láti 220 lọ sí 400, lọ sí 600. Omi ẹlẹ́rọ̀fọ̀ yẹn, a fi aṣọ ìnura fà á gbẹ, a di aṣọ náà sínú ọ̀rá pẹ̀lú sánpépà, kí ó má baà gbẹ kó tún di ekuru. Ẹni tí kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kó ra èyí tí ẹlòmíràn ti pọ́n, tàbí kó lo oníke tó le. Mi ò rí ìdí tí eré orí adágún yóò fi gba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn.

Ojú méjì ni apá pùrọ̀pẹ́là ní. Èyí tó kọjú sẹ́yìn ló ń ti omi. Ìrísí rẹ̀ ló gbé ìrìn pùrọ̀pẹ́là dání, ẹni tó bá rin ín ti yí pùrọ̀pẹ́là padà láì mọ̀. Òdìkejì, èyí tó kọjú sí ọkọ̀, ni a ti rin irin kúrò, títí etí iwájú fi mú. Lẹ́yìn náà ni a gbé e lé ìwọ̀n onímágínẹ́ẹ̀tì, níbi tí ṣáàfù kékeré ti rọ̀ sáàárín mágínẹ́ẹ̀tì méjì tí ohun kan kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í lọ́wọ́. Apá kan sáré lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ló wúwo, òun ni a rin. Ìdẹkùn kan wà tó máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn: nígbà tí apá méjèèjì bá ti dọ́gba, pùrọ̀pẹ́là lè máa dúró ní ìbú síbẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan àárín rẹ̀, ibi tí ṣáàfù wọ̀, máa yí lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Apá kọ́ ló wúwo nígbà yẹn, àárín ni. Ibẹ̀ ni a ti ń rin díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa dúró níbikíbi tí a bá fi í sí.

Lórí omi, ariwo lọ. Gbígbọ̀n lọ. Ìgbóná ẹ́ńjìnnì dín díẹ̀. Ọkọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó rọ, ṣùgbọ́n ó rọ náà ni. GPS kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ibi tó wà padà.

Mo rò pé èyí á tó láti sọ fún un pé fífẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan létí adágún ti sọ fún un pé bí a bá tẹ etí ẹ̀yìn pùrọ̀pẹ́là síta díẹ̀, yóò di omi mú, ọkọ̀ á sì fò. Ó lọ fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ nílé. Òtítọ́ wà nínú ohun tí onítọ̀hún sọ. Etí tí a tẹ̀ máa ń fi kún ìrìn pùrọ̀pẹ́là, ó máa ń dín yíyọ̀ kù, ó sì tún máa ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Ó dára fún ẹni tí agbára ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ já jáde pẹ̀lú agbára tí mi ò tíì rí lára rẹ̀ rí, ìdí rẹ̀ gbé sókè, imú rẹ̀ tẹ̀ mọ́ omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún jó sósì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́, rìmóòtù pẹ̀lú kò rí i pè mọ́. Okùn apẹja ni a fi fà á jáde. Lẹ́ẹ̀dì tó di ẹnu wáyà mú níbi tí bátìrì ti so mọ́ kọ́ńtúrólà ti yọ́, wáyà ti bọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ní Newcastle, kò jìnnà sí ibi tó ń gbé, ọkọ̀ kan wà nínú Discovery Museum tí wọ́n ń pè ní Turbinia. Charles Parsons ló kọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ sómi ní 1894, láti fi agbára tọ́báìnì rẹ̀, ẹ̀rọ tí èéfín omi gbígbóná ń yí, han ayé. Ọkọ̀ náà lágbára, kò sáré. Ṣáàfù kan ṣoṣo ló ní lákọ̀ọ́kọ́, pùrọ̀pẹ́là rẹ̀ sì ń yára ju ohun tí omi lè tẹ̀ lé lọ. Omi ń ya lẹ́yìn apá rẹ̀, ó ń di èéfín, agbára sì ń ṣòfò síbẹ̀. Parsons kò lọ kọ́ tọ́báìnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe agbada omi kékeré kan, ó fi pùrọ̀pẹ́là kéékèèké sínú rẹ̀, ó sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣáàfù mẹ́ta ló fi rọ́pò ọ̀kan yẹn, pùrọ̀pẹ́là kéékèèké mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹfà 1897, níbi ayẹyẹ ọkọ̀ ogun tí wọ́n ṣe fún Ọbabìnrin Victoria ní Spithead, ó sá eré tó ju nọ́ọ̀tì 34 (bíi kìlómítà 63 ní wákàtí kan) lọ níṣojú gbogbo ayé. Àbúrò wa ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo ọkọ̀ yẹn rí. Kò ronú kàn án pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìṣòro tiwa kì í ṣe èéfín, afẹ́fẹ́ ló ń bá pùrọ̀pẹ́là tiwa wọ omi ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tó lọ tí kò bọ̀ wá di eré, ọ̀kan náà ni.

Àbúrò wa ra X442. Méjì ló rà, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. A pọ́n ọ̀kan, a sì mú kó dọ́gba lọ́nà kan náà, a kò tẹ etí kankan.

GPS ka 66. Ó ní GPS ń purọ́. Ó yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyẹn náà ka 66. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé sọ ìyókù: volt kò wálẹ̀ ju 14 lọ, amp sì ti dín gidigidi. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹnu wáyà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó máa ń tẹ̀ wọnú omi tẹ́lẹ̀ náà ti gbé sókè, nítorí pé bí pùrọ̀pẹ́là bá ń yí sọ́wọ́ kan, ara ọkọ̀ máa ń fẹ́ yí sọ́wọ́ kejì, bí ẹrù bá sì ti dín kù, ìfà yẹn náà á dín.

Báwo ni kékeré ṣe sáré ju ńlá lọ? Lórí 45, ìyípo tí bátìrì tó ti rẹ̀ lè fún wa jẹ́ bíi 18,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi mìlímítà 63 sọ ọ́ di púpọ̀, mítà 1,165 ni. Lórí 42, ìyípo jẹ́ bíi 22,000, ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 58.8. Mítà 1,290 ó lé díẹ̀. Ẹ yọ ti yíyọ̀ omi kúrò lára méjèèjì, 42 ṣì wà níwájú. Ó wo ìṣirò náà títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọjọ́ yẹn, ńṣe ni mo kàn ń se omi gbígbóná." Mo rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n 70 ló fẹ́. Nísinsìnyí tí iná ti ṣẹ́ kù, ó tọ́ kí a gé nǹkan. A gé etí ẹ̀yìn: mìlímítà 3 kúrò nítòsí ṣóńṣó apá, tó ń dín kù títí tó fi pòórá nídìí. Páálí tó le ni a fi ṣe àwòṣe, a fi í lé apá kìíní, a fi í lé ìkejì, a fi bíírò fà á kí a tó gbé ẹ̀rọ gígé kàn án, omi ń kán sórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí gígé yìí ń ṣe ni pé ó ń dín ojú tó ń ti omi kù, ó sì ń mú ibi tí ìrìn ti ga jù kúrò, nítorí pé lára irú pùrọ̀pẹ́là yìí, apá máa ń tẹ̀ sí i bó ṣe ń súnmọ́ etí ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì á rí àyè yí sí i.

Bí a ṣe gé e tán, àbúrò mú sánpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán etí ẹ̀yìn náà kó lè yípo, kó rẹwà. Mo gba á lọ́wọ́ rẹ̀. Etí ẹ̀yìn tó yípo máa ń jẹ́ kí omi rọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fà á sẹ́yìn. Pẹrẹsẹ pẹ̀lú igun tó gún ni a fi í sílẹ̀, a tún gbé e lé ìwọ̀n, ó sì tún ti yẹ̀ díẹ̀. Gbogbo gígé ló ń ba ìwọ̀n jẹ́.

69. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gun orí omi, bó bá sì ti sáré tán, imú rẹ̀ ń gbé sókè, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Pùrọ̀pẹ́là tó máa ń ti ìdí ọkọ̀ sókè kò tì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí ti jókòó. Kì í ṣe pùrọ̀pẹ́là ni a ó fi wo èyí sàn. A sún bátìrì síwájú: ibi tí ọkọ̀ ti ń dọ́gba, tí a ń wọ̀n láti ìdí rẹ̀, kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 24, ó di bíi 26 àbọ̀. Títa náà tán. Eré kò dín.

Ẹni tó bá rí èyí, tí kò dúró síbẹ̀, á jẹ̀bi. Àbúrò mú X442 kejì, ó gé mìlímítà 6. Ẹ́ńjìnnì ké bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà tó tọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Bó bá dé ibi tí yóò ti yí, pùrọ̀pẹ́là kò rí omi dì mú mọ́, ọkọ̀ á yọ̀ lọ ní ìbú, á dúró, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí lófo. Kò sí bí a ṣe lè lẹ irin tí a ti gé padà. Pùrọ̀pẹ́là yẹn ti di ti ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo máa ń sọ láti ìgbà náà ni pé volt ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo pùrọ̀pẹ́là. Bí bátìrì bá ń jábọ́, kò sí pípọ́n tó máa gbà á là. Fífẹ̀ ni kí ẹ dín. Lẹ́yìn fífẹ̀ ni pípọ́n àti ìwọ̀n, lẹ́yìn wọn ni gígé, mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan. Títẹ etí ni ìgbẹ̀yìn, ó sì jẹ́ fún ẹni tí amp ṣẹ́ kù sí. Àwọn kan tún máa ń gé ahọ́n kékeré tó wà níwájú apá nítòsí ṣáàfù, ó sì ní àǹfààní tirẹ̀. A kò fọwọ́ kàn án nínú iṣẹ́ yìí nítorí pé bí a bá gé ibi méjì lọ́jọ́ kan, a kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ máa ra méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìgé. Ẹ tẹ pùrọ̀pẹ́là lé ìwé, ẹ fi bíírò fà á yíká kí ẹ tó gé e àti lẹ́yìn tí ẹ gé e, kí ẹ kọ eré, amp àti ìgbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé pùrọ̀pẹ́là tuntun wọ ọkọ̀, ìṣẹ́jú kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ sá, ẹ mú un wálé, kí ẹ fi tẹmómítà wo ẹ́ńjìnnì, kọ́ńtúrólà àti bátìrì. Bí ìgbóná èyíkéyìí nínú wọn bá ti ju 60 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kò yẹ kó padà sómi. Ẹ sì máa fi èékánná tọ etí iwájú wò lẹ́yìn gbogbo eré, nítorí pé igi kékeré kan nínú adágún tó láti ká a, gbígbọ̀n tí ẹ fi gbogbo ọ̀sán mú kúrò á sì padà kí ẹ tó mọ̀.